Àwòrán Àǹtí Nínú Dígí

Gbogbo ẹni tó ń ra aṣọ ní ilé ìtajà ńlá yẹn ló mọ Ìyá Dígí. Kò tíì bímọ kankan, iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ìyá. Dígí tí wọ́n fi ń pè é náà kì í ṣe dígí gidi. Ojú kọ̀ǹpútà kan ni, tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n gbé ti ògiri níbi tí wọ́n ń kó aṣọ obìnrin sí. Bí oníbàárà bá dúró síwájú rẹ̀, yóò ya gbogbo ara onítọ̀hún, láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ẹ óò wá rí ara yín nínú rẹ̀ tí ẹ dúró, tí ẹ ń mí. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ aṣọ fún àwòrán náà: ẹ fa búlúù, ẹ fa pupa, ẹ yí i kí ẹ rí ẹ̀yìn, ẹ ní kó rìn kí ẹ wo bí etí aṣọ ṣe ń fẹ́. Bó bá wù yín, ẹ lè gbé e sínú ọgbà òdòdó tàbí etí òkun. Ọ̀rọ̀ à ń bọ́ṣọ, à ń wọṣọ nínú yàrá kótópó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, ọ̀gá ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹbí rẹ̀ kan wá kí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Ìyá Dígí mú wá, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, tí Ìyá Dígí kò mọ orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é ju Àǹtí lọ. Àǹtí sanra nígbà náà, ara rẹ̀ ń dán. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ẹ rọra o. Bí ẹ̀rọ yín bá fọ́ níbi tó ti ń gbìyànjú àtigbà mí tán, ẹ má wá mi délé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn ni ẹ̀rọ yà á, tó sì fi pa mọ́.

Àìsàn inú ló mú Àǹtí. Ó kọ́kọ́ dà bí inú rírun lásán. Nígbà tó yá, oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá ní kó máa lọ sinmi nílé. Ìyá Dígí mọ ohun tí dókítà fẹ́ sọ tí kò sọ. Àǹtí náà mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí bí, ọkùnrin, tó wà lókè òkun tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá pè, Àǹtí á gbé ohùn sókè, á ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ní bí òun ò bá rí fọ́tò ìyá òun, òun á já ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òun á wálé.

Ohun tó gbé Àǹtí wá sí ilé ìtajà láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, kí èrò tó pọ̀. Ó wọ súwẹ́tà lé aṣọ tó fi sùn, ó ń di àwọn irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló gbé yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Mú mi dúró síwájú ẹ̀rọ ẹ."

Ìyá Dígí mú un dúró. Ẹ̀rọ náà yà á, kò fi bò: egungun èjìká, ọrùn, súwẹ́tà tó wà lára rẹ̀ bíi pé orí àga ni wọ́n gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti àtijọ́ àti ti òní, ó ń béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kí òun máa lò.

Àǹtí nawọ́ sí ti àtijọ́.

"Mú ti tẹ́lẹ̀," ni Àǹtí wí. "Wọ aṣọ tuntun fún un, búlúù yẹn. Gbé mi sínú ọgbà, kó o fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ."

"Irọ́ nìyẹn, Àǹtí."

"Mo ní òótọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wá rí yín."

"Bó bá rí mi báyìí, kò ní padà lọ mọ́. Gbogbo ìwé tó ti kà látọdún yìí wá, kí ló fẹ́ fi wọ́n dì, ẹ̀pà?"

"Bó bá dé tí kò bá yín mọ́ ńkọ́?"

Àǹtí fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, níbi ikùn àwòrán àtijọ́. "Dín ibí kù díẹ̀," ó ní. "Kó má lọ máa sọ pé mò ń jẹun jù."

Ìyá Dígí dín ikùn náà kù. Ó dín in jù, ó tún fẹ̀ ẹ́ padà. Ó wọ aṣọ búlúù fún un, ó gbé e sáàárín òdòdó, ó tan oòrùn sí i lójú. Láti ìgbà tí Àǹtí ti ń pọ̀n ọ́n kiri, kò bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan rí. Bí ènìyàn ṣe ń kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Dígí kò mọ̀ ọ́n.

Àǹtí ò tíì jókòó dáadáa lórí àga tí wọ́n gbé fún un tí èsì fi dé. Ohùn ọmọ náà jáde nínú fóònù: "Màmá, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń dán. Èmi tébi ń pa níbí, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanra. Ọkàn mi ti balẹ̀." Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Dígí yíjú sí ibi tí aṣọ wà, ó ń ká èyí tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe di ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ọmọ á béèrè, Ìyá Dígí á yà. Àǹtí nínú aṣọ pupa. Àǹtí létí òkun tí kò dé rí. Àǹtí nínú fídíò, tó ń rìn lọ, tí etí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, nígbà tí Àǹtí gan-an ò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Obìnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Dígí, oníbàárà yín yìí mà ń wọṣọ o. Kò kàn rà ni." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Pè é," ó ní. "Mo rò pé mo lè lọ láìrí i. Mi ò lè ṣe é."

Ìyá Dígí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é.

"Ara ìyá ẹ ò yá rárá. Máa bọ̀."

"Àǹtí kékeré, mo rí wọn nínú fídíò lánàá."

"Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ mi ni mo fi ṣe é."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ni wọ́n rán yín. Wọ́n ti fẹ́ rí mi, àbí? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ó ku díẹ̀ kí n ṣe tán."

Ìyá Dígí padà wọlé, ó gbé fóònù, ó ya Àǹtí bó ṣe wà lórí ìrọ̀rí, ó fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó pè padà. Ohùn rẹ̀ ti yí.

"Ẹ̀rọ yẹn náà lẹ fi ṣe èyí?"

"Rárá. Fóònù ni."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ìyá Dígí gbé fóònù sétí Àǹtí, ṣùgbọ́n Àǹtí ti sùn lọ. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ronú, ó pa fóònù. Ọjọ́ kejì ni Àǹtí tó lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ọmọ mi," ó ní, kò gbé ohùn sókè bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ní òun ti ń bọ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ṣì ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, Ìyá Dígí gbé omi lọ bá ọmọ náà nínú yàrá ìyá rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Kò gba omi. Kò pè é ní Àǹtí kékeré.

"Ẹ jókòó," ó ní. Ó gbé fóònù síwájú rẹ̀. Ọgbà òdòdó. "Ṣé àwọn nìyí?"

"Rárá."

Ó pa á rẹ́. Ó fa òmíràn wá, aṣọ pupa. "Èyí ńkọ́?"

"Rárá."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ó ń béèrè, obìnrin náà ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tó wà létí òkun, ó dúró.

"Ẹ̀rín yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀rín yẹn jẹ́ tiwọn. Wọ́n rín in lóòótọ́, nígbà tí ara wọn ṣì le."

Ìka rẹ̀ wà lókè àwòrán náà, kò tẹ̀ ẹ́, kò gbé e kúrò. Nígbà tó ṣe, ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Ọ̀kan ló kù, èyí tí wọ́n fi fóònù yà lórí ìrọ̀rí. Kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó wo ọwọ́ tó wà lórí aṣọ ìbora, ó wo ojú.

"Wọ́n rù," ó ní.

"Wọ́n rù."

"Kí ni wọ́n ń wò báyìí?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ta ló ń wọlé?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọlé," ni Ìyá Dígí dáhùn.