Òrùka Lápá Káfíńtà

Pépà tí káfíńtà fi ń dán igi ló fi ń họ apá. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó wá ń họ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó awọ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí àmì roboto yẹn ti jáde, kò wọ alápá péńpé mọ́, bí oòrùn ti wù kó mú tó. Gbogbo ìpara tó fi pa á, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Orúkọ kan ló ń dún lọ́kàn rẹ̀, kò jẹ́ kó dẹ́nu: ẹ̀tẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé lójijì, ó rí apá náà.

"Bàbá mi, ṣé torí èyí lẹ ò ṣe gbé ọmọ mi rí?"

Káfíńtà sáré fa ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yá.

Níbẹ̀, káfíńtà jókòó, ó dìde, ó ń rìn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Nígbà tí dókítà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, bi í pé kí ló rò pé ó jẹ́, ó fọwọ́ bonu sọ ọ́.

"Ẹ dijú, Bàbá. Bí mo bá fi òwú kàn yín, ẹ sọ."

"Ibẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ tún nìyẹn."

"Ṣé ó ń yún yín?"

"Á à! Bí iná!"

"Ẹ dúpẹ́. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà, ńṣe ló sábà máa ń kú tipiri, kì í mọ̀ bí nǹkan bá kàn án. Ẹ wo etí rẹ̀ bó ṣe ga, tó ń ṣí bí ìpẹ́. Àárín ti ń mọ́."

Ó ha díẹ̀ lára rẹ̀, ó lọ fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó padà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Fọ́nrán tín-ín-rín ló kún ibẹ̀. Làpálàpá ni. Ìpara mìíràn ló gbà."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bàbá mi fi làpálàpá sílẹ̀, wọ́n ń sá fún ẹ̀tẹ̀!"

Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́.

"Dókítà, òwú yẹn… ṣé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi yẹ ẹ̀tẹ̀ wò?"

"Ó pẹ́ gan-an, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ sí káfíńtà lọ́kàn. Àmì roboto kan ni wọ́n rí lọ́rùn onítọ̀hún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n pè é ní adẹ́tẹ̀, wọ́n lé e kúrò nílé, kò sì padà mọ́.

"Ó ń yún mi o, àbúrò," ló máa ń wí tẹ́lẹ̀, yóò sì kọ ẹ̀yìn ọrùn sí i. "Jọ̀ọ́, bá mi họ ọ́."