Ìlà Pupa Tó Wọ Igbó

Kí ẹnikẹ́ni tó bá Crépin wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà agọ̀ tèmi. Ìdí ni mo ń jù níwájú gbogbo ìlú, arúgbó bíi tèmi, nítorí wọ́n ní nínú gbogbo wa, ẹsẹ̀ mi ló rìn jù.

Crépin yìí, iléeṣẹ́ kan ló rán an wá wo ọ̀nà oko wa. Ó fi nǹkan sínú fóònù wa: bí o bá ń rìn, fóònù á máa ka kòtò ọ̀nà, á sì mọ ibi tí o dé. Wọ́n á wá fún ọ lówó ìpè. Ó kìlọ̀ fún mi o.

"Ìyá àgbà, ibi tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ tẹ ibí yìí, kò ní kà á. Ṣùgbọ́n owó ìpè ibẹ̀ kò ní wọlé."

Kò ní wọlé kẹ̀? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́, tèmi ló ṣáájú. N kò tẹ nǹkan kan. Mo wé fóònù mọ́ etí ìró, ó di pé a jọ ń lọ gbọnsẹ̀. Owó ìpè náà ni mo fi ń pe Carine, ọmọ ọmọ mi, tí mo fi pamọ́ sí abà mi nínú igbó ní Idigny láti ọjọ́ tí Firmin ọkọ rẹ̀ ti fi ọmọ odó dá a lápá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí mo bá pàdé Firmin lọ́nà, màá ní ọjà Adakplamè ni mò ń gbé e lọ tà.

Lónìí, Crépin tan àwòrán ọ̀nà sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú.

"Ìlà pupa yìí, gbogbo ibi tí Ìyá àgbà rìn dé ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo jó. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i: ìlà náà gba ẹ̀yìn oko àgbàdo, ó wọ igbó, ó dúró síbì kan, ó nípọn níbẹ̀ bí okùn ìso màlúù. Ijó kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Firmin ti dìde lórí bẹ́ńṣì.

"Ìyá àgbà, kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ìgbẹ́ ni mo ń lọ yà!" mo pariwo. "Ikùn arúgbó ò mọ ìtìjú!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Agathe ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ́jú sí Crépin pé kó pa àwòrán náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀, àwòrán sì ń tóbi sí i, títí òrùlé páànù abà mi fi hàn lára ògiri. Mo fọwọ́ kan fóònù ní etí ìró mi kí n pe Carine. Ta ni mo fẹ́ pè lójú ọkọ rẹ̀?

Firmin kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀, ó ń fi í lu itan díẹ̀díẹ̀.

"Oúnjẹ tí ẹ ní ẹ ń gbé lọ tà ní Adakplamè, Ìyá àgbà, ṣé ibi ìgbẹ́ yín lẹ ti ń tà á ni?"