Ìdáhùn Mui Suk-yin

Nígbà tó ku ọdún kan kí àsíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ ní Hong Kong, òfin tuntun dé ọ́fíìsì ìjọba: òyìnbó tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá ń parí lè tọrọ irú àdéhùn tí wọ́n ń fún ọmọ ìbílẹ̀, kó sì dúró sípò rẹ̀, àfi bí ọmọ ìbílẹ̀ kan bá ti tó ipò náà ṣe; nígbà náà, òyìnbó ọ̀hún á padà sílùú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Mui Suk-yin síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ipò Tregenza, òyìnbó ọ̀gá rẹ̀, ló wà nílẹ̀, olórí àwọn tó ń ṣọ́ òkè kí òjò má baà ya á lu ilé onílé. Ọdún mọ́kànlá ni Suk-yin ti ń retí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Òyìnbó tó jókòó láàárín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, bi í pé, "Mísì Mui, ṣé o rò pé o tó ipò yìí ṣe?"

Suk-yin tẹrí ba. "Háà, rárá o, sà. Mo ṣì ní púpọ̀ láti kọ́."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Òyìnbó náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kó máa lọ.

Tregenza jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìtọrọ tirẹ̀ lórí itan. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nílùú náà.

"Kí lo sọ fún wọn?"

Suk-yin sọ ọ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ bojú.

"O dá wọn lóhùn bí ẹni tí àlejò yin ọbẹ̀ ẹ̀! Ará Lọ́ńdọ̀nù yẹn ò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. 'Kò tíì tó' ló kọ síbẹ̀."

Inú bí Suk-yin sí ara rẹ̀. Ó wo ìwé orí itan ọ̀gá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n sà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dúró."

"Mo mọ̀." Tregenza yí ìwé náà dojú délẹ̀ lórí itan rẹ̀. "Ta ló rí i pé òkè ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn máa ya, tá a fi tètè kó àwọn ọmọ jáde? Èmi ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Padà wọlé jàre, kí wọ́n tó pa fáìlì dé."

Suk-yin kan ilẹ̀kùn. "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀wọ̀ ni mo fi dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo tó ipò náà ṣe. Ọdún mẹ́ta rèé tí iṣẹ́ ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ mi." Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò wolẹ̀.

Nígbà tó jáde, Tregenza dìde dúró dè é.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, sà."

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí àdéhùn Tregenza máa parí ni. Ó ká ìwé ìtọrọ rẹ̀ sápò, ó bọ Suk-yin lọ́wọ́.

"Tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́, bá mi máa wo òkè Pok Fu Lam. Ibẹ̀ ni mo sin ìyàwó mi sí."