Oògùn Tí Kò Tíì Délẹ̀

“Sọ fún dírẹ́bà yẹn kó máa lọ. Mi ò lọ síbì kankan.”

Màmá, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Angela, ti padà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì tí wọ́n kó aṣọ ìyá náà sí. Nísàlẹ̀, ní ọ̀nà tóóró Olówógbowó, ọkọ̀ tí wọ́n pè ń fọn fèrè kíkankíkan.

“Màmá, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Òní ni wọ́n ní ká wá gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Dókítà Fúnṣọ́ ń retí wa.”

“Kó máa retí.”

Mofẹ́ sáré dé fèrèsé, ó ṣẹ́wọ́ sí dírẹ́bà pé kó ní sùúrù, ó tún sáré padà. Láti ìgbà tí dókítà ti pe kókó inú ọmú ìyá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀. Ní láàbù yunifásítì tó ti ń ṣe ìwádìí, á jókòó, á dìde. Nílé, á máa fọ abọ́ tó ti mọ́.

“Ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi tí mo ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní Balógun kí wọ́n tó bí ẹ? Kí ni mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gé mi lọ́mú sí, nígbà tí ọmọ mi ń ṣe oògùn rẹ̀ lọ́wọ́?”

“Oògùn wo?”

“Oògùn jẹjẹrẹ! Ṣebí ìwọ náà ni Fadá ní kó o wá sọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe ní yunifásítì, lọ́jọ́ ìkórè. O ní ẹ ti rí ohun tó ń jẹ́ kó máa rìn, tó ń jẹ́ kó máa dàgbà. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Yéwándé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi dì mọ́ mi. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti wà lára mi. Ọlọ́run ló ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Màá dúró de oògùn rẹ.”

Mofẹ́ gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

“Màmá, kò tíì sí oògùn.”

“Kí lo wá rí?”

“Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa ní okùn tín-ín-rín nínú. Áktíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú un dúró, òun ló sì fi ń rìn. Àwọn púrótíìnì kan wà tó ń di okùn yẹn mú. Àwọn kan ń dì í pọ̀, àwọn kan ń gé e, àwọn kan ń nà án. Tí wọ́n bá ń ṣe é létòlétò, kálukú á jókòó sí àyè rẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ, ètò yẹn máa ń dàrú. Sẹ́ẹ̀lì á máa bí sí i, á yọ ẹsẹ̀ jáde, á máa wọ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ọ̀kan péré nínú àwọn púrótíìnì yẹn ni mò ń wò. Tá a bá dín in kù, ìrìn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń fà. Ṣùgbọ́n inú abọ́ láàbù ni, Màmá. A ò tíì fi eku pàápàá dán an wò.”

“Ẹ yáa tètè dán an wò.”

“Okùn kan náà ni ọkàn yín fi ń lù. Tá a bá kù gìrì da oògùn sí i, a lè pa èèyàn kí jẹjẹrẹ tó kú. Ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí lè di géńdé ká tó rí i ṣe.”

Ojú Màmá le. “O wá lọ parọ́ fún ìjọ Ọlọ́run.”

“Mi ò parọ́! Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohun tó wù yín!”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Màmá kọjú sí ògiri. Fèrè ọkọ̀ dákẹ́, ẹ̀rọ bú, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Mofẹ́ dìde, ó rìn dé fèrèsé, ó rìn padà, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

“Tí mo bá dúró ńkọ́?” Ohùn Màmá ti rọ̀.

“Á máa rìn. Níbi tó wà báyìí, ọ̀bẹ ṣì lè bá a. Tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, mi ò mọ ohun tí mo lè fi lé e bá.” Omijé ti dé ojú rẹ̀.

Ìyá náà fọwọ́ lé àyà rẹ̀ lápá òsì.

“Tí wọ́n bá gé e, kí ni wọ́n ń fi ṣe?”

“Wọ́n á mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n á sun ìyókù.”

“Èyí tí ẹ̀yin ń wò nínú abọ́ yẹn, ti ta ni?”

“Ti àwọn òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì wọn ṣì ń bí sí i nínú abọ́. Òkè òkun la ti ń rà á.”

“Kò sí ti ọmọ Èkó níbẹ̀?”

“Kò sí, Màmá.”

“Sọ fún Fúnṣọ́ kí wọ́n má sun tèmi. Kí wọ́n kó o fún yín.”

Mofẹ́ wò ó. Ó fẹ́ sọ pé òfin wà, pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ, pé ẹlòmíràn ló yẹ kó wò ó. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ọkàn mi ò ní gbà á.”

Màmá di ejìká rẹ̀ mú, ó sì fi í ti ara rẹ̀ dìde.

“Á gbà á,” ló wí. “Ṣebí tèmi náà ti gbà á báyìí.”