Ife Aláìlétí

Nílé wa, ife tó bá létí, tíì ló wà fún. Èyí tí kò létí, búrọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Èmi Hester ni mo ṣòfin yẹn, torí Roland ọkọ mi ti mu omi ọ̀dà débi pé mo máa ń bi í bóyá ìfun ẹ̀ ti di aláwọ̀ búlúù. Gbogbo àwọn tó ń kun ère ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú tíì, wọ́n á gbé omi búrọ́ọ̀ṣì mu, wọ́n á tún máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ti Roland ló wá burú jù, nítorí àìsàn kan tó ṣe é ti jẹ́ kí imú rẹ̀ kú. Ẹ gbé kẹrosíìnì síwájú ẹ̀, á bi yín bóyá ẹ ti fi ṣúgà sí i.

Ìdí nìyẹn tí ife tí etí rẹ̀ bá ti já fi ń di ti orí tábìlì ọ̀dà. Etí ni Roland ń wò kó tó mu nǹkan, kò wo ohun mìíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Newark yọjú síta. Imogen ọmọ wa ti wá láti Leeds láti wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Páì wà nínú ófùn, iná ń jó nínú pálọ̀, Roland àti bàbá rẹ̀ sì jókòó ti fèrèsé, wọ́n ń kun àwọn ọmọ ogun tó dó ti ìlú wa láyé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ́ lórí. Ọmọ ogun kan ò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ọwọ́ Bàbá Wilfred ti ń gbọ̀n, bàtà nìkan ni wọ́n ń gbé fún un kùn. Ó ní kò burú, pé ẹni tó ń jagun nínú òjò, ẹrẹ̀ ò ní ṣàìsí ní bàtà ẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Láti ìgbà tó ti kó wá sọ́dọ̀ wa ló ti ń sọ pé òun kàn ń jẹun lásán ni, òun ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Imogen ra àwọn ọmọ ogun àlòkù kan bọ̀, ẹni tó kùn wọ́n tẹ́lẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ṣíbí ló fi kùn wọ́n. Ó mú omi tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà dání nínú ìgò. Ó wá ife olódòdó búlúù, èyí tó ti mọ̀ sí ife búrọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ó da omi náà sí i, ó sì kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà sínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà ara wọn yọ́ tán, omi náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ṣa àwọn ọmọ ogun jáde, ó kó wọn wá bá mi ní kíṣìnnì, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ń fọ̀ wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ fún mi, ẹ̀rín ń pa mí kú lọ.

Ó padà lọ sí pálọ̀ kó lè rẹ àwọn tó kù. Mo gbọ́ tó ń béèrè ta ló da omi òun nù. Mo lọ wò ó. Ife olódòdó búlúù wà lórí tábìlì lóòótọ́, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Bàbá ń sùn lórí àga. Roland ò sí níbẹ̀. Tíì tí mo pò fún un wà níbi tí mo gbé e sí, ó kún, ó ti tutù, kò fẹnu kàn án.

Ẹ̀rù ò tíì bà mí. Ife yẹn ò kúkú létí. Mo ní bóyá ó ti dà á sínú síǹkì.

Bàbá lajú. Ó wo ife náà, ó fajú ro. Ó ní, “Etí ẹ̀ dà?”

Mo ní, “Etí wo, Bàbá? Ó pẹ́ tó ti já.”

“Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́bọ̀. Mo ní kí n fi yà yín lẹ́nu ni.”

Bí ife yẹn bá létí, tíì ni Roland máa pè é. Tíì ni ojú ẹ̀ máa rí, imú ẹ̀ ò sì ní sọ nǹkan kan fún un. Imogen ti gbé ìgò náà, ó ń ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń jó ọ̀fun, pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó bì, kí wọ́n pe dókítà kíá.

Mo pariwo orúkọ ọkọ mi. Kò dáhùn. Òkè la ti gbọ́ omi tó ń ṣàn.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń kérora nínú lọ́hùn-ún. Imogen wà lẹ́yìn mi, ó ń bá àwọn áńbúláǹsì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n bi í bóyá Dádì ń mí. Ó ní òun ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Roland ní òpònú nítorí búrẹ́dì tó jóná. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń yí lórí mi. Mo ń sọ pé Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ òun ni mo bá a sọ kẹ́yìn.

Bàbá ti ń fà bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún.

Ó ní, “Hester, ṣé mo ti pa ọmọ mi ni?”

Kí n má purọ́, inú bí mi sí i. Ẹni a ní ó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu: ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ jáde.

Omi dá. Ilẹ̀kùn ṣí. Roland dúró síbẹ̀ tòun ti pátá, itan rẹ̀ kan pọ́n bí ata, omi ń ro lára ẹ̀. Ó fà mí wọlé, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

“Má pariwo. Etí ife yẹn ló já mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo tíì yẹn sì dà sí mi lára. Mo ti nu ilẹ̀ kí Bàbá tó jí. Má jẹ́ kó mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò mú.”

“Ṣé ó kan ẹnu ẹ?”

“Kò tíì dé ẹnu mi. Kí ló dé?”

Mo jókòó sórí etí ọpọ́n ìwẹ̀, mo bú sẹ́kún. Imogen ló sọ ohun tó wà nínú ife náà fún un. Ó wo itan ẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Mo rò ó pé tíì yẹn gbóná jù.”

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà. Roland sáré pa ọwọ́ dé, ó fi í sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo ṣí ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú etí ife náà, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Mo ní, “Bàbá, gọ́ọ̀mù yín ò mú rárá. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni.”

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń yí i wò, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ó ní, “Gọ́ọ̀mù mi mú o. Omi Imogen ló bó o.”

Kò sí ẹni tó ń borí mi nínú àríyànjiyàn nílé yẹn, gbogbo wọn ló mọ̀. Mo ní òótọ́ ni, Bàbá, ó mú.