Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ìyá

"Ẹ bọ́ rọ́bà yẹn kúrò lọ́wọ́ yín! Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ti di ìgbẹ́ ni, tẹ́ ẹ fi ń kórìíra rẹ̀?"

Àtàndá ló fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ wa l'Ọ́jọ̀, tó na àdá sí wa. Àlàó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí tábìlì. Wọ́n ṣá a níkùn níbi ìjà ààlà ilẹ̀ n'Íbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìfun rẹ̀ sì ti yọ síta.

Mo mọ Àlàó. Nígbà ọyẹ́, ibà pọ́njú gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Òun yè é, àmọ́ àìsàn náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wàsíù, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, kò yè é: abẹ́rẹ́ tó fi gba ẹ̀jẹ̀ Àlàó ló gún un níka. Látìgbà náà ni mo ti búra pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan ò ní kan ọwọ́ mi láìsí ibọ̀wọ́. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Àtàndá gbá mi létí, mo ṣubú lu ògiri. Dókítà wa, tí ẹnu rẹ̀ máa ń mú bí abẹ sí àwa nọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ibọ̀wọ́ tirẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bọ́ ọ! Ṣé ẹ fẹ́ kú bíi Wàsíù ni?" Mo kọjú sí Àtàndá. "Ìwọ, bó o bá fẹ́ ṣá mi, ṣá mi. Àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ!"

"Àìsàn kẹ̀? Ọmú kan náà la jọ mu!"

Ó fi àdá ya àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ náà bọ inú ọgbẹ́ Àlàó, tí ìyẹn ń ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Orí mi gbóná. Mo fa igi tí a fi ń há ilẹ̀kùn yọ, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó dákú. Wọ́n wọ́ ọ jáde, a sì rán ikùn Àlàó. Ó yè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Àlàó pọn Àtàndá wá sọ́dọ̀ wa. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa mí?"

Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i lójú pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pa á. Ṣùgbọ́n Àlàó jókòó tì í, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì ń wò mí.

"Ibà lásán ni," ni mo wí.