Ogójì Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Gúnrégé Kò Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀wù tó bá ti ọwọ́ Gúnrégé kọjá, bí eṣinṣin bá bà lé e, á yọ̀ ṣubú ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dá sílẹ̀, níbi tó ti jẹ́ olórí àwọn tó ń lọṣọ. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sí aṣọ tí ẹlòmíràn lọ tí kì í tún lọ. Á já a gbà, á pòṣé, á wọ́n omi sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti kó ẹrù wọn, wọ́n ní ó dìgbóṣe.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń múra àtiṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, Gúnrégé ti fi ojú inú to tábìlì síbẹ̀, ó ti fi kọ́tìnì sí fèrèsé. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ fún un pé òun ti gba kóòṣì fún un.

"Kóòṣì? Ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ máa gbá ni?"

"Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wàá ní torí pé mo fi ọdún méjì jù ọ́ lọ ni."

Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé kóòṣì náà á kọ́ ọ bí a ti ń ṣe ọ̀gá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ogójì ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan gbọ́dọ̀ jáde láago mẹ́rin, kí Gúnrégé má sì fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Bó bá ṣe é, òun ni yóò máa ṣe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tuntun. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀gbọ́n á wá ẹlòmíràn láti ìta.

Gúnrégé ti ń retí kóòṣì tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á gùn bí okùn kànga. Ó ti tọ́jú oorun dè é. Obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ ló wọlé. Kò wàásù. Ìbéèrè ló ń bi í.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ tún lọ lánàá?"

Gúnrégé ní gbogbo rẹ̀.

"Mélòó ló burú nínú wọn?"

Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Gúnrégé ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò wo ṣẹ́ẹ̀tì rí kó tó tún un lọ. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ó gorí àga gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kóòṣì dúró tì í. Kò tíì tó wákàtí kan tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nǹkan fúnra rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lọ ìró ara rẹ̀. Ó lọ gèlè. Ó na ọwọ́, ó lọ ìwé tó wà lọ́wọ́ kóòṣì, kóòṣì sì jẹ́ kó lọ ọ́ tán. Àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ ń pa ẹ̀rín mọ́nú títí èéfín fi ń rú lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ẹnì kan. Nígbẹ̀yìn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, ogójì ṣẹ́ẹ̀tì ti wà lórí irin ìfaṣọkọ́. Gúnrégé wò wọ́n, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ara ṣẹ́ẹ̀tì ń dán, ṣùgbọ́n gbogbo ọrùn wọn rún bí ewé tí ewúrẹ́ tu dànù.

Ó bi Jẹ́jẹ́, ọkùnrin tó dàgbà jù nínú wọn, pé kí ló dé.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ ṣáà máa tún un lọ," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn, láìbẹ̀rù. "Kí ni mo fẹ́ máa fi agbára mi ṣòfò lórí ọrùn sí?"

Àwọn méjì yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé wọn kì í lọ ọrùn rárá. Àṣé òun gan-an ló kọ́ wọn láti máa ṣe iṣẹ́ láàbọ̀.

Ó ti fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń bẹ níbẹ̀, ó gbóná, ó ń pè é. Ó wo kóòṣì. Kóòṣì ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Gúnrégé gbé ẹsẹ̀ padà sókè.

"Mi ò ní tún un lọ mọ́," ló wí. "Lónìí kọ́, lọ́la kọ́. Bó ṣe wà yìí ni yóò ṣe lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Orúkọ ẹni tó lọ ọ́ ni mo máa dá fún wọn."

Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n rí i tó tún kó ọwọ́ sábẹ́ itan, wàhálà bẹ́. Jẹ́jẹ́ tí í rìn bí aláboyún sáré títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́, kò padà mú un. Omi ń fọ́n, áyọ́ọ̀nù ń sáré lórí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ju ṣẹ́ẹ̀tì síra wọn, ẹnì kan ń ka iye tó kù sókè, ẹnì kan ń bú u pé kó yé kà, Gúnrégé sì ń rẹ́rìn-ín lórí àga, omi ń jáde lójú rẹ̀.

Dírẹ́bà òtẹ́ẹ̀lì ti ń fun fèrè níta nígbà tí wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì tó pé ogójì kọ́. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó fa ọ̀kan yọ, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ìlà kékeré kan wà lápá rẹ̀. Gbogbo wọn rí i.

"Àbúrò, ṣé èyí dára?"

Gúnrégé wo ìlà náà. "Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ máa ká apá, ìlà míràn á sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun lé e lọ́wọ́. Ó wá bi àwọn tó ń lọṣọ pé ta ló fẹ́ bá Gúnrégé lọ síbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nawọ́ sókè. Jẹ́jẹ́ tiẹ̀ na méjèèjì.

Gúnrégé ní kí wọ́n lọ jẹun.